Ẹni Tó Fúnni Níbọn

Ní oṣù Nofẹ́ḿbà 1975, ìjọba Murtala Muhammed tẹ́wọ́ gba MPLA, ẹgbẹ́ ajìjàgbara oníkọ́múníìsì ní Àǹgólà, ó sì fi 20 mílíọ̀nù dọ́là ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà ti ya wọ ilẹ̀ náà. Gbígbèjà ẹni tí wọ́n ń ni lára, bí ẹ̀sìn rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀, bá òdodo Islam mu. Ṣùgbọ́n Sófíẹ́ẹ̀tì di apá kan níhàámọ́ra, Amẹ́ríkà di apá kejì. Ogun náà kò tán títí di 2002. Ẹni tó fúnni níbọn ló ń yan ọ̀tá fúnni. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kọ ohun ìjà lọ́wọ́ olóṣèlú. Kí Ọlọ́hun tọ́ wọn sọ́nà.