Àlejò Tí Kò Gbọ́ Èdè: Kíláàsì Wo Ló Yẹ Ká Wọ̀?

ÌDÍLÉ ONÍGBÀGBỌ́
Ibi Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 42:21-24, Dáníẹ́lì 1:3-20

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo apá àríwá Èkìtì wa yìí, ó ṣòro láti rí ìjọ kan lónìí tí a kì í ti í dárúkọ ọmọ tó wà lókè òkun nígbà àdúrà. Òkè òkun tí à ń wí yìí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà nìkan mọ́. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé sí Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, ìtòsí ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gboyè, kí wọ́n tó máa wá ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lọ sí ilẹ̀ tí wọn kì í ti í sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Kòríà Gúúsù ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lóṣù yìí. Orúkọ ilẹ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé Pásítọ̀ Yonggi Cho, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ kékeré kan ní ìlú Seoul ní 1958, tí ìjọ náà sì di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé kí ó tó sùn nínú Olúwa ní 2021. Ìwé rẹ̀ lórí àdúrà wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n kí á ka ìwé ará Kòríà nílé jẹ́ ọ̀tọ̀. Kí á gbé àárín wọn jẹ́ ọ̀tọ̀.

Arábìnrin kan tí a mọ ìyá rẹ̀ dáadáa ní agbègbè Ìkọ̀lé tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọkọ ń kàwé, òun ń tọ́jú ọmọ. Ó wọ kíláàsì èdè kan ní ọjọ́ Sátidé. Ó yàn án nítorí pé ó sún mọ́lé, kò gba owó, àwọn ará Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ohun gbogbo. Odindi ọdún kan ni arábìnrin wa fi lọ, ó mọ lẹ́tà wọn, ó mọ orin díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì la ẹnu bá ará Kòríà kan sọ̀rọ̀ rí.

Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ kò sí nílé, gìrì mú ọmọ. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbọ́ igbe, òun ló pe 119, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ọkọ̀ aláìsàn ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀: oògùn wo lo ti fún ọmọ yìí? Èló ni? Ìgbà wo? Ó ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Fóònù tó ń túmọ̀ èdè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọlọ́run ṣàánú, ọkọ dé kí wọ́n tó fún ọmọ náà ní òmíràn. Ṣùgbọ́n arábìnrin náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, mo dúró níwájú wọn bí odi.” Òtítọ́ ni àwọn baba wa wí: àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹ̀mí Mímọ́ kò ha lè fún wa ní èdè wọn?

A ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn ará. Ọlọ́run tó ṣe é ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Dáníẹ́lì. Àlejò ni òun náà nílẹ̀ Bábílónì, ó sì jẹ́ ọmọ àdúrà. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí láti kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Káldéà. Ọlọ́run kò yọ wọ́n kúrò ní kíláàsì náà. Inú rẹ̀ ló ti fún wọn ní ìmọ̀. Ẹ tún wo àwọn arákùnrin Jósẹ́fù ní Íjíbítì: wọ́n ń tú àṣírí ara wọn níwájú ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé ògbufọ̀ ló wà láàárín wọn. Ará, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì wọ kíláàsì.

Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi èdè náà ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi ara yín nìyí, kí ẹ tó béèrè iye owó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

1. Ẹni tó fẹ́ kàwé: Àwọn yunifásítì ibẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ èdè fún àjòjì. Ti Yunifásítì Yonsei ti wà láti 1959. Kíláàsì wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 ní sáà kan, wákàtí 4 lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 200 nìyẹn ní sáà kan. Owó rẹ̀ kò kéré, kò sì bá ìyá tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ mu. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó fẹ́ gboyè, kò sí ọ̀nà tó yá jù ú lọ. Ẹni tí ìjọba Kòríà fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi ọdún kan kọ́ èdè ná, ó sì gbọ́dọ̀ dé ìpele 3 nínú ìdánwò TOPIK, tó ní ìpele 6, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀.

2. Ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ pẹ́: Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ wọn ní ètò ẹ̀kọ́ fún àjòjì, láti ìpele 0 dé 5. Wákàtí 100 ni ìpele 1 títí dé 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò kọ́kọ́ dán yín wò kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ yóò rí àǹfààní rẹ̀ nígbà tó bá ń wá ìwé ìgbélùú. Ètò yìí gan-an ló yẹ arábìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀.

3. Kíláàsì inú ìjọ: Ọ̀pọ̀ ìjọ Kòríà ló ń kọ́ àjòjì lédè lọ́fẹ̀ẹ́. A kò sọ pé kí ẹ má lọ. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ aládùúgbò, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn àdúrà ìdájí bíi tiwa. Ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ ìwé ẹ̀rí ṣe. Níbikíbi tí ẹ bá sì wọ̀, ẹ béèrè pé: ṣé èdè náà ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀, ṣé wọn yóò sì jẹ́ kí n sọ ọ́? Bí ará ilé nìkan ló yí yín ká, èdè ilé lẹ ó máa sọ.

4. Kí ẹ tó kúrò nílé: Ilé Àṣà Kòríà tí wọ́n ṣí ní Àbújá ní 2010 ń kọ́ni ní èdè náà. Ẹni tí kò lè lọ sí Àbújá lè kọ́ lẹ́tà wọn nílé. Ọba Sejong ló ṣe ètò lẹ́tà náà, ó sì gbé e jáde ní 1446 kí mẹ̀kúnnù lè mọ̀wé. Lẹ́tà 24 ni. Tiwa jẹ́ 25. Ẹ má ṣe jókòó ti olùkọ́ tó ń fi A, B, D kọ èdè wọn fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀

Àwa ará Èkìtì ni èyí yẹ kó yé jù. Nínú ẹ̀ka èdè tiwa, a kì í sábà fi “ẹ” bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ohùn la fi ń bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé Ọ̀yọ́ tí a sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní a kò ní ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kòríà rí: ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ipò ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, àní orúkọ oúnjẹ àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Ẹni tó fi fíìmù nìkan kọ́ èdè yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin òbí

Àwọn ejẹ́ǹtì kan ń sọ pé kí ọmọ sanwó kíláàsì fún ìdánwò EPS-TOPIK, kí ó lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà tó bá Kòríà ṣe àdéhùn ni ètò yẹn wà fún. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi owó kíláàsì mọ sọ́dọ̀ ara yín kí ìyàwó máa jókòó sílé. Bákan náà, ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ògbufọ̀ lọ́dọ̀ dókítà tàbí ní iléèwé rẹ̀. Ọmọ tó ń túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ fún òbí yóò túmọ̀ èyí tó wù ú. Ẹ máa sọ Yorùbá sí i nínú ilé, nítorí ìyá àgbà rẹ̀ ń dúró dè é lórí fóònù.

Arábìnrin wa ti pààrọ̀ kíláàsì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó pe ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí, èmi nìkan ni mo bá dókítà sọ̀rọ̀.” Ìyá náà kúnlẹ̀ sí àárín yàrá, ó ń dúpẹ́.

Àdúrà wa ni pé kí Olúwa ṣí etí àti ẹnu gbogbo ọmọ wa tó wà lájò, kí wọn má ṣe dúró bí odi ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, ní orúkọ Jésù. Àmín.