Férémù Àwòrán Àtijọ́ nínú Ilé

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni férémù àwòrán àtijọ́ rí. Kí ilẹ̀ Ivory Coast tó gba òmìnira ní 1960 ni ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan. Àwòrán tí irú wọn yà lájò ni a ń gbé kọ́ sára ògiri ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ tún ilé kùn, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn a da férémù wọ̀nyí sí ààtàn, wọn a sì ra ti ike. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ikán kì í tètè jẹ igi ìrókò. Nítorí náà, ẹ yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn férémù wò: èyí tí kòkòrò kò bá tíì lu, ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa àwòrán rẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú kí a tó bèèrè, baba ńlá wa yóò di àlejò nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́.