Jíà mánúà padà sí Mirafiori: kí ni jíà ń ṣe nínú ọkọ̀ oníná?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Mirafiori ní Turin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Fiat 500 tuntun kan tó ń lo epo, tó sì ní jíà mánúà onípele mẹ́fà. Ìyẹn yani lẹ́nu díẹ̀, torí iná mànàmáná nìkan ni wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ yìí fún nígbà tó jáde lọ́dún 2020. Àwọn èèyàn kò rà á tó. Lọ́dún 2024, Stellantis tó ni Fiat dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ léraléra, àwọn òṣìṣẹ́ sì jókòó sílé.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹrin, wọ́n ṣí ẹ̀ka tó lè ṣe jíà 600,000 lọ́dún ní Mirafiori, fún àwọn ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pa pọ̀. Èmi ò rò pé ìfẹ́ jíà ló fà á. Mọ́tò iná lágbára láti ìdúró títí dé eré gíga, nítorí náà jíà kan ṣoṣo ti tó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Ta ni yóò wá ra jíà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é? Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ Padua sílẹ̀: ZF ń ṣe jíà ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, Carraro sì ń ṣe ti katakata ní Campodarsego nítòsí.

Síbẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ oníná ṣì máa ń sọ pé jíà ò wọlé. P, R, N àti D tó ń tẹ̀ yẹn, súìṣì lásán ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ránṣẹ́ sí, kọ̀ǹpútà sì lè kọ̀. Yóò kọ̀ bí wáyà ṣáájì bá ṣì wà lára ọkọ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ bíréèkì dáadáa. Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni bátìrì kékeré volt 12. Bátìrì ńlá lè kún dẹ́nu, àmọ́ bí kékeré yìí bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní jí. (Òtútù oṣù Kìíní níbí kì í ṣàánú rẹ̀.) Tí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ wá sanwó jíà, ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ bátìrì yẹn wò. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ní tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Iná tó ń pààyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ewu wà nínú súìṣì náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Fiat Chrysler pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan ó lé 100,000 padà fún àtúnṣe. Epo ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n jíà wọn ń fi wáyà ránṣẹ́ bíi ti ọkọ̀ oníná. Ọ̀pá jíà náà máa ń padà sáàárín lẹ́yìn tí èèyàn bá ti tì í, awakọ̀ á sì rò pé òun ti wà ní P. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, òṣèré Anton Yelchin kú nígbà tí Jeep rẹ̀, tó wà lára àwọn tí wọ́n pè padà, yí lù ú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà tó tàn níwájú yín, kí ẹ sì fa hándíbíréèkì kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.