Brütal Legend: Ṣé Ọjà Ló Jẹ̀bi Ni, Àbí Ìpolówó?

Àwọn baba wa ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àgúnmu tí a bá lò lódì a máa dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Bí olóúnjẹ bá kiri iyán títí tí iyán fi ń wu gbogbo àdúgbò jẹ, tí ẹni tó sáré wá rà á wá bá àmàlà nínú abọ́, kò sí bí àmàlà náà ṣe lè dára tó, inú oníbàárà kò ní dùn. Irú ìbínú yìí ni ó pàdé Brütal Legend, géèmù kan tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Mo fẹ́ kí a gbé ìbínú náà yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ń ka ìwé, tàbí tí ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ka ìwé.

Tim Schafer ni ó darí iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ Double Fine, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 2000, ni ó sì ṣe é. Kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn ti mọ Schafer sí asọ̀tàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pa ni lẹ́rìn-ín. Òun ni ó ṣe Grim Fandango ní ọdún 1998 àti Psychonauts ní ọdún 2005. Ní ti èyí, orin heavy metal ni ó fi ṣe kókó-ọ̀rọ̀. Orin gìtá oníná ni, tí ń bú ramúramù bí kìnnìún, tí ó gbilẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1970. Àwọn àwòrán abàmì tí a máa ń yà sí ara páálí rẹ́kọ́ọ̀dù orin náà ni Schafer fi kọ́ ibùdó ìtàn rẹ̀: ògiri gìrìwò tí a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tò, aláǹtakùn tí okùn ara rẹ̀ jẹ́ irin, ọ̀nà tí egungun ẹranko ńlá kún bo. Orin tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100. Àwọn àgbà olórin bíi Ozzy Osbourne tó kú ní ọdún 2025, Lemmy Kilmister tó kú ní ọdún 2015, Rob Halford àti Lita Ford sì yá a ní ohùn wọn.

Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni Eddie Riggs, ẹni tí Jack Black gbé ohùn rẹ̀ jáde. Láti ara Eddie, ère abàmì ẹgbẹ́ Iron Maiden, àti Derek Riggs, ayàwòrán tó kọ́kọ́ yà á, ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n Eddie kì í ṣe olórin. Òun ni ẹni tí ń to ohun èlò sórí ìtàgé, tí ń so wáyà, tí ń tún gìtá ṣe, tí yóò sì fara pamọ́ sẹ́yìn kí àwọn olórin tó jáde sí gbangba. Ní ọjọ́ kan, ohun tí a tò sórí ìtàgé wó lù ú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí ìdè bẹ́líìtì rẹ̀, ẹranko iná kan tí ń jẹ́ Ormagöden sì jí, ó gbé e lọ sí ayé àtijọ́ níbi tí àwọn ẹ̀mí èṣù ti sọ ọmọ ènìyàn di ẹrú. Ó bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gba ara wọn sílẹ̀: Ophelia, Lars àti Lita. Ó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú ìpolówó, àti nínú ìtọ́wò ọ̀fẹ́ tí a fi síta kí géèmù náà tó jáde, ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn rí: àáké tí Eddie fi ń bẹ́ orí, gìtá tí ń yọ mànàmáná, àti ọkọ̀ tí ń yọ iná lẹ́nu. Wọ́n gbà pé eré ìjà akíkanjú kan ni. Ìgbà tí wọ́n gbá a dé àárín ni wọ́n rí i pé ogun ìtàgé wà nínú rẹ̀. Nínú ogun yìí, a óò gbé ìtàgé tiwa kalẹ̀ ní ìhà kan, ọ̀tá yóò gbé tirẹ̀ sí ìhà kejì. Àwọn olólùfẹ́ orin ni owó tí a ń ná: ibi tí ẹ̀mí wọn ti ń ru jáde láti inú ilẹ̀ ni a óò pa àtíbàbà ọjà sí kí wọ́n lè wá sọ́dọ̀ wa. Eddie yóò hu ìyẹ́, yóò fò sókè, yóò sì máa rán ọmọ ogun síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìtàgé ọ̀tá yóò fi wó. Eré ọgbọ́n ogun gan-an nìyẹn. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ bá ẹlòmíràn díje, ogun ìtàgé yìí nìkan ni ó wà fún un.

Ọ̀pọ̀ ló ní wọ́n tan àwọn jẹ. Àwọn lámèyítọ́ yìn ín, àpapọ̀ máàkì tí wọ́n fún un sì lé ní 80 nínú 100, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ EA tí ó gbé e jáde kò jẹ́ kí apá kejì rẹ̀ wáyé. Double Fine wá yà sí àwọn géèmù kéékèèké bíi Costume Quest ti ọdún 2010.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀sùn méjì ni àwọn tó bínú náà lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì yẹ kí a tú wọn. Èkíní ni pé wọn kò sọ ohun tí wọ́n ń tà fún ni. Ẹ̀sùn yìí múlẹ̀. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó rà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ṣe é àti ẹni tó tà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kódà, ọwọ́ Activision ni géèmù náà wà kí EA tó gbà á. Activision pẹjọ́ ní ọdún 2009 láti dí i lọ́wọ́, kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ẹ̀ṣẹ̀ ìpolówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ ọnà.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àdàlù ọ̀hún ni ó ba géèmù náà jẹ́. Èyí ni n kò gbà. Ta ni Eddie? Ẹni tí ń gbé ẹlòmíràn sókè ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìtàgé dúró, kí iná tàn, kí ohùn jáde, kí àwọn ará ìwòran sì pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Bí Schafer bá fún un ní àáké nìkan kí ó máa pa ọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ti sọ ọ́ di ìràwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe. Ogun ìtàgé ni ó jẹ́ kí ìwà Eddie di ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Nínú lítíréṣọ̀, a máa ń sọ pé kí ìlànà bá kókó-ọ̀rọ̀ mu. Ó bá a mu níhìn-ín.

Ẹ wo bí a ṣe ń ja ogun náà. Ẹni tó bá dá jà bí akíkanjú, ọ̀tá yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró lójú òfuurufú tí ó kàn ń pàṣẹ, yóò pẹ́ kí ó tó ṣẹ́gun. Ìgbà tí Eddie bá sọ̀ kalẹ̀, tí ó bá ọmọ ogun rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ni agbára ńlá máa ń jáde, nítorí oríṣi ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí òun àti Eddie lè gbà jà pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tó ń gbá géèmù ni ó ń kọ́ òwe náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún un.

N kò sọ pé kò ní àbùkù. Kò kọ́ ni ní òfin ogun náà dáadáa; ó dà á lé ni lórí ní wàrà-wàrà. Àṣẹ pípa fún ọmọ ogun máa ń dàrú nígbà tí ibẹ̀ bá gbóná. Ẹni tó bá sọ pé ó rẹ òun nítorí èyí kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí a sọ pé, ‘Ohun tí ó dáwọ́ lé kò yọrí tán,’ sí kí a sọ pé, ‘Kò yẹ kí ó dáwọ́ lé e.’

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí a máa fi kọ́ ara wa ní kíláàsì. Ìsọ̀rí tí a ń pín lítíréṣọ̀ sí, ewì, eré-onítàn, ìtàn àròsọ, dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. D. O. Fágúnwà da ìtàn ọdẹ, ìwàásù, àwàdà àti oríkì pọ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹni tó bá ní ìtàn nìkan ni òun fẹ́, tí ó ń fo gbogbo ìwàásù rẹ̀, lè gbádùn ara rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò tíì ka ìwé náà tán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ sínú àròkọ pé iṣẹ́ kan kò dára, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dáhùn pé: kí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe? Ṣé ó ṣe é? Ṣé ohun tí mo ń bínú sí wà nínú iṣẹ́ náà, àbí nínú ohun tí wọ́n ti sọ fún mi kí n tó ṣí i?

Láti ọdún 2013 ni Brütal Legend ti wà fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹni tó bá rà á lónìí lè ti gbọ́ nípa ogun ìtàgé kó tó sanwó. Ó mọ̀ pé àmàlà ló wà nínú abọ́. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìdájọ́ wà.