Ológìnní Abiyamọ Nínú Ilé Ahoro
Li ọdún 2025, nígbàtí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí ìjọba sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fi ilé wọn sílẹ̀. Ènìyàn lè di ẹrù rù. Ológìnní tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sínú àká kò lè sá.

Àwọn kan a máa wí pé ẹranko àjẹ́ ni, wọn a sì kó ọmọ rẹ̀ dà sí igbó. Ọ̀rọ̀ asán! Eku ni í ba àgbàdo jẹ́, eku ni í sì gbé ibà Lassa wọlé. Ta ni yóò lé ọdẹ wọn jáde?

Kí a má ṣe kánjú kó àwọn ọmọ náà. Bóyá oúnjẹ ni ìyá wọn wá lọ. Wàrà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ti màlúù a máa mú wọn ṣu. Ìyá ni kí a fún ní omi, àti ẹja bíbọ̀ tí a yọ egungun rẹ̀, láìsí iyọ̀ tàbí ata. Bí ó bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Nígbàtí onílé bá sì padà, ìbáà ṣe ará Ìlobùú tàbí ará Ìfọ́n, kí a dá ológìnní rẹ̀ padà fún un, tọmọtọmọ.