Àwọ̀ Ewé Nìkan Kò Tó Fi Dá Ejò Mọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín nípa ejò olóró inú igbó Íńdíà ní àwọ̀ ewé nìkan ti tó láti fi dá a mọ̀. Irọ́ ni. Àwọn ejò Trimeresurus aláwọ̀ ewé bíi tirẹ̀ pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì jọra. Lọ́dún 2020 tí wọ́n kéde Trimeresurus salazar láti Arunachal Pradesh, ìlà pupa bí ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí akọ rẹ̀, pẹ̀lú DNA, wà lára ohun tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀.

Òǹkọ̀wé náà tún pe ejò náà ní paramọ́lẹ̀ tiwa! Ihò tó wà láàárín ojú àti imú rẹ̀, tó fi ń mọ ooru ara ẹran, kò sí lára paramọ́lẹ̀. Dídá ejò mọ̀ dáadáa sì ṣe pàtàkì, torí oògùn oró ejò tó wọ́pọ̀ ní Íńdíà, ejò mẹ́rin mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn