Ojú Oórì Àwọn Baba Wa Kò Gbọdọ̀ Di Ìgbàgbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn bí a ti ń ronú lórí Sẹkọna, ìlú tí ó wà ní oríta, níbi tí ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Gbọ̀ngán wá sí Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ìlú oríta kì í dúró sójú kan. Ọjà ń gbòòrò, títì ń gbòòrò, ilé alámọ̀ ń wó, ilé búlọ́ọ̀kù sì ń dìde. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilé alámọ̀ tí a ń wó lulẹ̀ yìí, ta ni ó sùn síbẹ̀? Bí a bá bi ọmọ ilé, ǹjẹ́ ó lè dá wa lóhùn?

Kí àwọn òyìnbó tó dé, àwọn baba wa kì í gbé òkú àgbà lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ilé ni a ń sin ín sí, nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ní àgbàlá. Ojú oórì yìí ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ìrántí rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń parí ìjà ẹbí. Ilé tí baba bá sùn sí kò ṣe é tà. Àwọn tí ikú wọn ṣàjèjì nìkan, bí ẹni tí àrá pa, ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná mú lọ, tàbí obìnrin tí ó bá oyún lọ, ni àwọn olórìṣà ń sin sínú igbó. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo baba ńlá wa ni ó fi ojú oórì tí a lè tọ́ka sí sílẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ kò lè sọ, oríkì ni ó ń sọ ọ́. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ wo ìtàn Ẹdẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń sọ pé láti Ọ̀yọ́ ni Tímì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, ti wá. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé Aláàfin Kọ́rí ni ó rán an láti dá àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń da ọ̀nà láàmú lẹ́kun. Ní àkókò tiwa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ògúndìran wú ilẹ̀ Ẹdẹ-Ilé wò, níbi tí Ẹdẹ wà rí kí ó tó ṣí wá sí ibi tí ó wà lónìí, ilẹ̀ náà sì jẹ́rìí pé ìletò ìjọba Ọ̀yọ́ ni. Ohun tí ẹnu àgbà sọ àti ohun tí ọkọ́ hú jáde bá ara wọn mu. Tímì John Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí. Ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù ni, síbẹ̀ kò fi oríkì àwọn Tímì sórí ìlù nìkan. Ó kọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀sìn méjèèjì tí ó wọlé tọ̀ wá yí ìsìnkú wa padà. Ìsìláàmù, tí Tímì Abíbù Lágúnjú gbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kọ́ wa láti yára sin òkú, kí a má sì fi ọlá ṣe sàréè lọ́ṣọ̀ọ́. Ìjọ Kristi kọ́ wa láti kọ orúkọ àti ọjọ́ sára òkúta. A kò rí àléébù nínú èyíkéyìí. Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ni pé a ti fi ti àtijọ́ sílẹ̀, a kò sì tíì di ti òde òní mú. Àwọn tí ó mọ oríkì ń kú lọ, àwọn ọmọ wọn sì wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ́nù. Ilé ń wó, simẹ́ńtì ń bo ojú oórì. Ìwé tí ó yẹ kí orúkọ òkú wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òkú ni a ń sin láìsí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan.

Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ fetí sílẹ̀ níhìn-ín. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ìdásílẹ̀ àti ìtọ́jú itẹ́ òkú sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó kún un. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní oṣù Kejì 2025, àwọn ẹgbẹ́ méjì jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lórí ẹni tí yóò jókòó sí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí. Àwa kò gbọ́ kí ẹgbẹ́ kan nínú wọn sọ fún aráàlú iye itẹ́ òkú tí òun yóò fọ̀ mọ́, tàbí ìwé orúkọ òkú tí òun yóò ṣí. Ìjà lórí àga kò ṣòro. Iṣẹ́ tí a ń torí rẹ̀ jókòó sórí àga ni ó ṣòro.

Àìbìkítà irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Èkó, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni a sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ológun hú àwọn òkú ibẹ̀ kúrò kí ó lè kọ́ ọ́fíìsì sí i. A rántí bíṣọ́ọ̀bù, a sì wá àyè mìíràn fún un. Àwọn tí kò lókìkí ńkọ́? Ẹ fi èyí wé ti New York. Ní 1991, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìjọba, wọ́n kan itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú. Àwọn aráàlú fárí gá, iṣẹ́ dúró. Ní 2003, a tún òkú 419 sin pẹ̀lú ọlá, ní 2006 ibẹ̀ sì di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ tí a kó lọ ń wá ojú oórì baba wọn. Àwa tí a kò kó lọ ń fi simẹ́ńtì bo tiwa.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé òkú ti kú, kí alààyè máa jẹun. A dá a lóhùn pé ọ̀ràn oúnjẹ gan-an nìyí. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé ni àkọ́kọ́. Ẹbí tí kò mọ orúkọ baba baba rẹ̀, tí kò sì mọ ibi tí ó sùn, kí ni yóò sọ níwájú adájọ́ ní ọjọ́ tí àjèjì bá gbé ìwé ilẹ̀ wá? Àwọn Mùsùlùmí tí ó sì ń bẹ̀rù pé a fẹ́ kọ́ ilé sórí sàréè, kí ọkàn wọn balẹ̀: orúkọ nínú ìwé ni a ń bèèrè, kì í ṣe òkúta olówó iyebíye.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn wa. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè Ẹdẹ wá ilẹ̀ ìsìnkú tí ó jìnnà sí kànga, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n sì yan akọ̀wé tí yóò máa kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Kí a tó fẹ títì tàbí ọjà kan ní Sẹkọna, kí a kọ́kọ́ ka àwọn ojú oórì tí ó wà lọ́nà náà, kí a sì pe àwọn ẹbí wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, tiyín ni ó rọrùn jù tí ó sì lérè jù: ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ìsinmi, kí ó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè orúkọ baba ńlá rẹ̀, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, èèwọ̀ ilé rẹ̀ àti ibi tí a sin wọ́n sí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárín ọdún mélòó kan, ìtàn ìlú yóò ti kún inú àpótí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá àgbà kò ní dúró dè wá títí. Ìsinmi tí ń bọ̀ yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.